Ohun Tí Mẹkáníìkì Yọ Lára Alùpùpù: Ìtàn Èéfín Láti Califóníà Dé Fìdítì

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí kò lè sọ pé òun ò mọ Fìdítì. Ọsàn ni yóò kọ́kọ́ rí, tí wọ́n tò sínú agbọ̀n àti sórí tábìlì lẹ́bàá títì, kó tó wá kan àwọn tó ń ta epo sínú ike, àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, àti àwọn mẹkáníìkì alùpùpù lábẹ́ igi. Bó bá tẹ̀ síwájú títí dé Ìlọrà, bákan náà ni. Ilẹ̀ abẹ́ àwọn igi wọ̀nyí dúdú fún ọ́ìlì àtijọ́, irin oríṣiríṣi sì wà káàkiri níbẹ̀: ṣéènì tó ti já, púlọ́ọ̀gì tó ti kú, sàlẹ́ńsà tó ti jẹrà.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn irin tó wà nílẹ̀ yìí, ẹ ó rí àwọn kan tí kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́ ni wọ́n ṣe yọ wọ́n. Wọ́n yọ wọ́n nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹkáníìkì ti máa ń wí, “kò wúlò níbí.” Ọ̀rọ̀ “kò wúlò níbí” yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ tú wò lóṣù yìí, nítorí ó ní ìtàn, ìtàn rẹ̀ sì gùn ju bí àwọn tó ń sọ ọ́ ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń yọ. Àwọn alùpùpù ńlá tó ń wọlé láti òkè òkun, èyí tí òyìnbó ṣe láti fi rin ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ, máa ń ní fáàfù kékeré kan lórí ẹ́ńjìnnì wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù wọlé sí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde. Epo tí kò jó tán nínú ẹ́ńjìnnì yóò pàdé afẹ́fẹ́ yìí lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ṣì gbóná janjan, yóò sì parí jíjó rẹ̀ níbẹ̀ kó tó bọ́ síta. Kò sí ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà wọlé o. Èéfín fúnra rẹ̀, bó ṣe ń tú jáde ní pù-pù-pù, ló ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí fáàfù náà bá ti gbó, tàbí tí sàlẹ́ńsà bá lu, alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn gbàù-gbàù nígbàkúùgbà tí ẹni tó ń gùn ún bá dẹwọ́. Ẹni tó ni ín á ní ẹ́ńjìnnì òun ti dàrú. Mẹkáníìkì á mú sípánà, á tú fáàfù yẹn kúrò, á gé irin pẹlẹbẹ kan tó ṣe déédéé ojú ihò náà, á tẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, á dè é pa. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá, á wá nǹkan dí i lẹ́nu. Kò ní tó wákàtí kan tí ìbọn fi máa dákẹ́. Oníbàárà á dúpẹ́, á sanwó, á máa lọ.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ́ńjìnnì náà kò lágbára sí i rárá. Ohun tí wọ́n yọ wà lẹ́yìn ibi tí agbára ti ń wá, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ písítìn. Ariwo nìkan ló dín kù. Ẹni tó bá ní alùpùpù òun wá ń sáré jù ti tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ tó dùn ló ń sáré.

Nǹkan mìíràn tí wọ́n ń yọ ni agolo èédú. Epo bẹntiróòlù kì í sùn. Bí alùpùpù bá tilẹ̀ dúró sójú kan nínú oòrùn, epo inú táńkì ń di oru, ó ń fẹ́ lọ. Agolo yìí, tí wọ́n rọ èédú kún, ló ń gba oru náà sára títí ẹ́ńjìnnì yóò fi tún ṣiṣẹ́ tí yóò sì fà á mu. Alùpùpù tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Califóníà ni ẹ ó ti sábà bá a. Èyí kò gba iṣẹ́ púpọ̀: ẹ já rọ́bà méjì, ẹ dí ẹnu wọn, ẹ ju agolo nù.

Ọba wọn wá ni kátálíìsì, tí gbogbo mẹkáníìkì mọ orúkọ rẹ̀ nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Inú páìpù èéfín ló ń gbé. Bí ẹ bá fi ayùn là á, ẹ ó rí ohun kan tó dà bí afárá oyin, ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi àwọn irin olówó iyebíye bí i platinum, palladium àti rhodium pa lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn irin wọ̀nyí kì í jó, wọn kì í sì í tán. Èéfín tó bá gba àárín wọn kọjá ló ń yí padà. Ẹ rántí iye ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ ti pa sójú oorun lórílẹ̀-èdè yìí, nítorí pé wọ́n tàn án sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì tilẹ̀kùn. Èéfín tó pa wọ́n, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, wà lára ohun tí kátálíìsì ń sọ di aláìlágbára.

Báwo wá ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe dé ara ọkọ̀ àti alùpùpù? Kì í ṣe pé àánú aráyé ló ṣe àwọn tó ń ṣe ọkọ̀. Òfin ló mú wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1943, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà, kùrukùru kan bo ìlú Los Angeles ní Califóníà mọ́lẹ̀. Ó ń ta àwọn ènìyàn lójú, ó ń ha wọ́n lọ́nà ọ̀fun, débi pé àwọn kan rò pé àwọn ará Japan ló fi oògùn olóró jà wọ́n. Ó di bí ọdún 1950 sókè kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Arie Haagen-Smit, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń kọ́ni níbẹ̀, tó fi yé wọn pé èéfín ọkọ̀ àti ti ilé ìfọpo ni, tí oòrùn sè pọ̀ di kùrukùru. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni pé iṣẹ́ adùn èso ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń mú ọ̀pẹ̀yìnbó ta sánsán ló ń wádìí kí wọ́n tó pè é wá wo afẹ́fẹ́ ìlú. Àwọn ará Fìdítì, ẹ̀yin tí ẹ mọ òórùn èso tó pọ́n, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá lè dá òórùn mọ̀ lè dá èéfín mọ̀.

Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti yí. Califóníà gbé àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ ní 1967. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1970 ni Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ọdún 1975 ni kátálíìsì kọ́kọ́ wọ̀ lọ́pọ̀ yanturu níbẹ̀, òfin sì dé orí alùpùpù láti orí èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 1978. Àwọn ará Japan tó ń ṣe alùpùpù fún gbogbo ayé ni wọ́n jókòó ronú bí wọ́n ṣe máa tẹ́ òfin yìí lọ́rùn. Ibẹ̀ ni fáàfù afẹ́fẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti di ohun tó wọ́pọ̀.

Kátálíìsì kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ọmọ Faransé kan tó ń gbé Amẹ́ríkà, Eugene Houdry, ti ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Kò rìn nígbà náà nítorí pé òjé wà nínú epo bẹntiróòlù. Láti 1921 ni Thomas Midgley ti rí i pé òjé díẹ̀ nínú epo kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kan gbá-gbá-gbá, gbogbo ayé sì ti ń da òjé sínú epo láti ìgbà náà. Òjé yìí máa ń bo ojú platinum bí ẹni fi ọ̀dà kun ún. Nítorí náà, kí Amẹ́ríkà tó lè fi kátálíìsì sára ọkọ̀, dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ ní epo tí kò ní òjé. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹnu táńkì àwọn ọkọ̀ tuntun náà kéré, kí ìmú epo olójé má baà lè wọ̀ ọ́. Ẹ fi òjé yìí sọ́kàn, nítorí òun ló gbé kókó ọ̀rọ̀ wa lọ́wọ́.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń bá èéfín jà lọ́hùn-ún, kí ni àwa ń ṣe níhìn-ín? Owó ni à ń ná. Epo rọ̀bì gbówó lórí ní 1973, ìgbìmọ̀ Udoji jókòó lórí owó oṣù òṣìṣẹ́, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, owó àjẹsílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà, akọ̀wé kàńsù, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ti ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síṣẹ́, gbogbo wọn kọjú sí ṣọ́ọ̀bù alùpùpù. Vespa ń lọ, Suzuki ń lọ, Yamaha ń lọ. Ní Ìlọrà, níbi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ní ọ̀kan nínú àwọn oko ńlá tí wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ sí, nínú ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ẹni tó bá ní alùpùpù láti fi gbé irè oko wá sójú títì kúrò lẹ́gbẹ́ ẹni tó ń rù ú.

Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù ìgbà yẹn ló jẹ́ two-stroke: ẹ ó da ọ́ìlì mọ́ epo, ẹ ó mì í pọ̀, kí ẹ tó gùn ún. Nínú epo mẹ́rin tí ẹ bá rọ sínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ó lè tó ọ̀kan odindi tí yóò bọ́ síta láìjó, pẹ̀lú ọ́ìlì rẹ̀. Bàbá tó bá gun Vespa bọ̀ láti ibi iṣẹ́, òórùn èéfín ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ó ti dé kó tó yọ ní kọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí àìsàn. Ọlá ni.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1976 ni Honda gbé CG125 jáde. Wọ́n ti rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa, alùpùpù ń gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, tí ẹni tó ni ín kì í sì í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì kan tí kò ní wàhálà nínú, tó le bí òkúta, tí ọmọ iṣẹ́ ọdún kan lè tú kó sì tò padà. Ní 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà. CG yìí kò ní kátálíìsì, kò ní agolo èédú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa yọ lára rẹ̀. Síbẹ̀, nítorí pé four-stroke ni, èéfín rẹ̀ kò tó ti Vespa rárá. Kò sí òfin kankan tó fa ìyẹn níhìn-ín. Pé kò jẹ epo púpọ̀ ló tà á. Mo máa ń rò ó pé nǹkan tó dára jù tó ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ àwọn ìlú wa láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò pète rẹ̀.

Ọdún 1986 mú ètò SAP dé, náírà sì wó lulẹ̀. Ẹni tí ì bá ra tuntun ra tòkunbọ̀. Àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn fi alùpùpù ṣe iṣẹ́ akérò, àwọn èrò sì fún wọn lórúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Láàárín ìgbà yìí ni kátálíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilẹ̀ wa, tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè é: ó wà nínú ikùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ láti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà nínú ti àwọn alùpùpù ńlá. Wọ́n gbé e dé orílẹ̀-èdè tí òjé ṣì kún inú epo rẹ̀.

Ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Epo olójé wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún epo aláìlójé. Òjé bo afárá oyin, kátálíìsì kú. Nígbà mìíràn á dí pátápátá, ọkọ̀ á máa mí fín-ín-fín-ín, kò ní lè gun òkè. Mẹkáníìkì tó gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè, tó fi ayùn gé kátálíìsì, tó sì jẹ́ kí awẹ́dà jó páìpù lásán sípò rẹ̀, kò ṣẹ̀. Òkú ló gbé kúrò lọ́nà. Láìka ìwé kankan, láìsí ẹni tó ṣàlàyé fún un, ó ti rí òótọ́: ní ilẹ̀ yìí, lákòókò yẹn, kò wúlò níbí.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn ní Ìlọrà, ọkùnrin tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ fi ń yọ ọ́?”

Ó ní, “Bàbá, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ n’Íbàdàn ló sọ fún wa pé tí tòkunbọ̀ bá ti dé, ká yọ ọ́ kó tó dá wàhálà sílẹ̀. Kì í bá epo wa mu.”

Mo ní, “Ọdún wo lẹ gba fíríìdọ̀mù?”

Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ọdún tí Abacha kú ni, sà.”

Ọdún 1998 nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ n’Íbàdàn sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Dakar, wọ́n fẹnu kò pé kí òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí ọjọ́ kìíní ọdún 2006 fi pé, epo olójé ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, ní 2021. Ohun ńlá ni èyí, nítorí òjé inú èéfín a máa wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, a sì máa dín ọpọlọ rẹ̀ kù láìjẹ́ pé òbí mọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kò lu agogo rẹ̀ ní ìlú wa. Epo kò yí àwọ̀ padà, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó wá sábẹ́ igi ní Ìlọrà láti sọ fún ọ̀gá mẹkáníìkì pé ìdí tí a fi ń yọ ọ́ ti kúrò nílẹ̀. Òun náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni owó tún wọ̀ ọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2021, rhodium ti ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dọ́là fún wúnsì kan, ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju wúrà lọ. Àwọn tó ń ra kátálíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọgbà mẹkáníìkì ká pẹ̀lú àpò, wọ́n ń kó o lọ sí òkè òkun níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin inú rẹ̀. Kátálíìsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa wá di ohun tí wọ́n ń gé, nígbà mìíràn láìjẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ mọ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ọgbọ́n ti di òwò. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ni mo ń bá wí. Àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń kó irin tí wọ́n tú lé oníbàárà lọ́wọ́ nínú ọ̀rá.

Àwọn kan yóò ní ṣé epo wa wá ti dára tán ni. Rárá o. Òjé lọ, imí ọjọ́ ṣẹ́kù. Ní 2016, àjọ kan ní Switzerland tó ń jẹ́ Public Eye gbé ìwé jáde tó fi hàn pé àwọn oníṣòwò ń po epo tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ tà ní Yúróòpù, wọ́n sì ń kó o wá fún wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d’Ivoire ṣèlérí pé àwọn yóò dá irú epo bẹ́ẹ̀ dúró. ECOWAS fi òǹtẹ̀ lu ìlànà tirẹ̀ ní 2020. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí tó sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó ní epo wa kò dára kò purọ́ tán. Ṣùgbọ́n imí ọjọ́ kì í pa kátálíìsì bí òjé ti ń pa á. Ó ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ ni. Kátálíìsì tó ya ọ̀lẹ sì sàn ju páìpù lásán lọ.

Àwọn ará wa ní Cotonou mọ ọ̀rọ̀ yìí dénú eegun. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn zémidjan aláṣọ yẹ́lò ti ń fi epo kpayo láti Nàìjíríà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nígbà tí two-stroke sì pọ̀ láàárín wọn, èéfín tó wà ní oríta wọn ju èyí tí ojú lè gbà lọ. Ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n síhà four-stroke. Níhìn-ín, àjọ NESREA ti wà láti 2007, ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ àti alùpùpù sì jáde ní 2011. Ó wà nínú ìwé. Abẹ́ igi kò tíì kà á.

Ní ti òótọ́, púpọ̀ nínú ọ̀kadà tó ń ná Fìdítì sí Ọ̀yọ́ lónìí kò ní ohun púpọ̀ tí a lè yọ. Bajaj láti Íńdíà àti àwọn ti Ṣáínà ni, wọ́n sì ti bọ́ wọn síhòòhò láti ilé iṣẹ́. Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni alùpùpù ńlá àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn yẹn sì ń ní làákàyè sí i lọ́dọọdún. Ti ìsinsìnyí ní nǹkan kan bí púlọ́ọ̀gì nínú páìpù èéfín tó ń gbọ́ òórùn ohun tó ń kọjá, tó sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ kátálíìsì, iná pupa-rúsúrúsú kan tó dà bí àwòrán ẹ́ńjìnnì á tàn lójú awakọ̀, kò sì ní kú. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìyẹn lọ́wọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì Ìlọrà. Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí oníbàárà bá ní iná náà ń yọ òun lẹ́nu, àwọn á tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn á sì yọ gílóòbù rẹ̀.